Plickers: Fóònù Kan Ṣoṣo fún Odindi Kíláàsì

Ohun tí ó máa ń kọ mí lóminú jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni pé bí mo bá bi kíláàsì ní ìbéèrè, àwọn ọmọ mẹ́rin kan náà ni ó máa ń nawọ́. Àwọn yòókù á tẹrí ba títí n ó fi kọjá wọn, èmi náà á sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ bí ẹni pé ó yé gbogbo wọn. Plickers, áàpù orí fóònù tí olùkọ́ fi ń gba ìdáhùn gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo fi ń mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí kì í nawọ́, odindi sáà mẹ́ta ni mo sì ti lò ó kí n tó kọ èyí.

Olùkọ́ nìkan ni ó nílò fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á gba káàdì bébà kan tí a tẹ àmì dúdú sí láàárín. Àmì káàdì kan kò jọ ti èkejì, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni a sì fi so ó mọ́ orúkọ ọmọ tí ó ni ín. A kọ A, B, C àti D ní lẹ́tà wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí ọmọ bá sì yí sókè ni ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ á wá gbé kámẹ́rà fóònù káàkiri láti ọ̀tún dé òsì, kí ó sì tó dé igun kejì, orúkọ àwọn ọmọ á ti máa jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n mú. Ọmọ kò lè wo ti ẹnìkejì rẹ̀, nítorí pé bí àwọn méjì tilẹ̀ mú ìdáhùn kan náà, àmì ọwọ́ wọn kò ní bára mu. Ọ̀fẹ́ ni káàdì náà lórí ìkànnì Plickers: ìdì kan ní 40, òmíràn sì ní 63 fún kíláàsì tí èrò pọ̀ sí.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Mo béèrè èyí tí ó tóbi jù nínú 1/3 (A), 1/4 (B), 1/6 (C) àti 1/8 (D). Nígbà tí mo gbé fóònù sókè, ó lé ní ìdajì kíláàsì tí ó mú 1/8, nítorí pé 8 ju 3 lọ lójú wọn, méjì nínú àwọn tí ó máa ń nawọ́ sì wà lára wọn. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn pátápátá, tí ohùn rẹ̀ kì í sábà jáde, yí káàdì rẹ̀ sí A, ó yí i sí D, ó wojú àjà, ó sì dá a padà sí A. N kò sọ ìdáhùn. Mo tẹ̀ lé ọ̀nà tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, bẹ̀rẹ̀ ní 1991: kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn, kí ó bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jiyàn, kí ó sì tún dáhùn. Ọmọbìnrin yẹn ya bébà gbọọrọ méjì, ó ká ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ká ìkejì sí mẹ́jọ, ó sì tẹ́ wọn síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsọ ohun púpọ̀. Nígbà tí mo tún gbé fóònù sókè, díẹ̀ ni ó kù sórí 1/8.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn Kahoot, eré ìbéèrè àti ìdáhùn orí ẹ̀rọ tí ó jáde láti Nọ́wè ní 2013, ju Plickers lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí orin àti àwọ̀ rẹ̀ ń múni lórí yá. Ṣùgbọ́n Kahoot ń béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí a sì ṣe sábà máa ń lò ó, ẹni tí ó bá tètè dáhùn ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ sí. Ọmọ tí ó ń fara balẹ̀ ronú á pàdánù níbẹ̀. Plickers kì í ka àkókò sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án láàyò.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó pọ̀ jù, kò sì lè fi bí ọmọ ṣe ṣe ìṣirò hàn. Àṣìṣe ti ara mi ni pé mo fi ọ̀rá dídán bo àwọn káàdì àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kọ mànà lára wọn, kámẹ́rà kò sì rí ọ̀pọ̀ nínú wọn kà. Bébà tí ó nípọn tí kò dán ni ó dára. Kí a kọ́ àwọn ọmọ láti di etí káàdì mú, kí ìka wọn má bo àmì, kí wọ́n má sì ṣe pààrọ̀ káàdì láàárín ara wọn, torí máàkì ẹlòmíràn ni yóò máa wọ orúkọ wọn.

Iṣẹ́ gidi wà nínú kíkọ ìbéèrè, ẹ̀rọ kò sì lè bá wa ṣe èyí. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú àṣìṣe tí ọmọ ń ṣe ní tòótọ́. Bí n kò bá fi 1/8 síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kì bá tí mọ ohunkóhun. Mo gba olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan tàbí méjì lójúmọ́. Bí ó bá da ogún bo àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdánwò ni yóò jọ lójú wọn, wọn yóò sì tún tẹrí ba.