Bí a bá ń kọ́ ọmọ láti ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi “blue”, ṣé “bl” lódidi ni, àbí “b” kí “l” tó tẹ̀lé e?

Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín; “gb” tiwa, ìró kan ṣoṣo ni. Ìdí nìyẹn tí “bread” fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa. Ọmọ Òṣogbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé Gẹ̀ẹ́sì ń gbé àṣà yìí wọ kíláàsì.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń kọ́ “bl”, “st” àti “fr” lódidi, kí ọmọ há a sórí. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pàdé “spl”, á dúró.

Àwọn mìíràn ń pe ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀. Èyí ni mo fara mọ́, torí ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ewu kan wà níbẹ̀ o: bí olùkọ́ bá pe “b” ní “bù”, “bùlúù” ni ọmọ máa ka “blue” sí.

Lálẹ́ àná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pe “stop” ní “sítọ́ọ̀pù” nílé wa l'Ókè-Fìà. Mo ní kó fa “sssss” bí ejò, kó tó fi ahọ́n kan “t”. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó pè é gaara. “S” ṣeé fà, “b” kò ṣeé fà. Ẹ fi “s” bẹ̀rẹ̀.