Lichess: Ibi Tí Mo Ti Rí Bí Ọ̀ta Ṣe Pa Mí Láyò

Nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kan ní Sùúrùlérè, wọ́n fi mí kojú ẹni tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ lọ́dọ̀ FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, jẹ́ 1880, èmi sì wà ní 1480. Nínú ìṣirò Elo, èyí tí wọ́n fi ń ṣe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí alátakò rẹ̀ bá fi 400 jù lọ kò lè retí ju nǹkan bíi máàkì 9 nínú 100 lọ, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọ̀ta pa òpè. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ibi tí ó ti pa mí gan-an, òun ni mo ṣe gbé ayò náà lọ sórí Lichess, ìkànnì ayélujára tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì.

Thibault Duplessis, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló dá a sílẹ̀ ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, ìtọrẹ àwọn tó ń lò ó ni wọ́n sì fi ń gbé e ró. Mo da àwọn ìgbésẹ̀ 47 náà kọ láti inú ìwé tí mo kọ wọ́n sí nídìí ọpọ́n, mo sì ní kí Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta, yẹ̀ wọ́n wò.

Èmi ti gbà pé ìgbésẹ̀ 31, níbi tí mo ti pàdánù ẹṣin mi, ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀ mí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Títí di ìgbésẹ̀ 23, a ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 0.2 ni Stockfish fi gbè sẹ́yìn funfun tí mo ń ta (òdo ni dídọ́gba, àmì − sì túmọ̀ sí pé dúdú ló ń borí). Ní ìgbésẹ̀ 24 ni mo fi ayaba mi pààrọ̀ tirẹ̀, torí mo rò pé bí ọpọ́n bá ti fúyẹ́, ọ̀mì á rọrùn. Mo ṣì rántí bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n nígbà tí mo tẹ aago. Ẹ̀rù ló ta ìgbésẹ̀ yẹn, Stockfish sì fi àmì ìbéèrè méjì, ìyẹn àṣìṣe ńlá, sí i: nọ́ńbà náà já sí −1.9.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni apá tí ó ti ń fi ìdáhùn pamọ́, tí á ní kí ẹ fúnra yín wá ìgbésẹ̀ tó sàn jù; ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí i pé ńṣe ló yẹ kí n gbé rúùkù, ọmọ ayò tó dà bí ilé ìṣọ́, sí ìlà d tó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yóò ṣì nílò olùkọ́ tí yóò sọ ìdí −1.9 fún un. Bákan náà, ètò ìṣirò mìíràn, Glicko-2, ni Lichess fi ń ṣírò nọ́ńbà agbára àwọn tó ń ta níbẹ̀, ẹ má fi í wé ti FIDE.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 24 yẹn kojú kọ̀ǹpútà ní ìpele 5 lẹ́ẹ̀mẹfà, pẹ̀lú ayaba mi lórí ọpọ́n. Ọ̀mì ni méjì nínú wọn.