Ẹ má sanwó katakata tó ti gbóná kí ẹ tó dé

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ ń wá katakata kékeré tòkunbọ̀ láti fi gé koríko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fowó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oníṣòwò kan fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ mi, mo sì ti fojú ara mi rí i pé kò tíì dáwọ́ dúró.

Èmi ni mo ń bójú tó ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Òdògbolú. Pápá wa tó éékà mẹ́rin. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti ń rọ̀, koríko tí a gé lọ́jọ́ Ajé ti ń bo kókósẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn alágbàṣe tó ń fi àdá ṣán an kò sì lè bá a mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dá mílíọ̀nù márùn-ún náírà ó lé jọ, wọ́n ní kí n lọ fi ra katakata. Owó olówó ni. Ìdí nìyẹn tí oorun kò fi kun ojú mi láti ìgbà náà.

Ohun tí mo bá lọ́dọ̀ ọkùnrin náà dùn ún wò. Kubota ni, katakata iléeṣẹ́ Jàpáànì, ọ̀dà rẹ̀ pọ́n bí òro ọsàn, ó ń dán. Wọ́n so ẹ̀rọ ìgékoríko kan mọ́ ọn lẹ́yìn, aláwọ̀ ìyeyè, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, igun rẹ̀ ọ̀tún sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Wọ́n sítáàtì katakata lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáhùn, kò rú èéfín. Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un kúrò nínú oòrùn ni." Mo gbà á gbọ́. Ó tún ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ni mo bá yára sanwó. Ó ní ọkọ̀ kò lè gba méjèèjì pọ̀, pé ẹ̀rọ ìgékoríko á tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, katakata kọ̀, kò jí. Bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kó tó dáhùn, nígbà tó sì dáhùn, èéfín bo iwájú kíláàsì. Mo ránṣẹ́ pe bàbá mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ti ń tún katakata àwọn onígẹdú ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì yọ, wọ́n fi ìka méjì pa epo náà, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. "Ọmọ mi, epo gíà ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè ki, kó má baà rú èéfín. Wọ́n sì ti wọ́ọ̀mù ẹ̀ kí o tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ, àárọ̀ nìkan ló ń sọ òótọ́."

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Wọ́n fọ́n ọ̀dà bo ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fi gíríìsì sí pa, wọ́n fọ́n ọn lé ọ̀pá rọ́bà ìsàlẹ̀. Aago tó ń ka wákàtí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì wà lórí 412, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹsẹ̀ kúlọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, irin abẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà. Wákàtí 412 kò lè jẹ rọ́bà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn, PTO tí àwọn mẹkáníìkì ń pè é, òun ló ń gbé agbára fún ẹ̀rọ ìgékoríko. Eyín rẹ̀ ti jẹ débi pé kò lè di nǹkan kan mú dáadáa mọ́.

Ohun kan tún wà tó lè gba ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ irú katakata yìí, oko ìrẹsì Jàpáànì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń fà. PTO wọn lè ní eré oríṣiríṣi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko tí a sábà ń rí, ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá fi í sí eré tó ju ìyẹn lọ, abẹ rẹ̀ lè fò yọ. Ìwé tó sì ṣàlàyé eré wọ̀nyí lára katakata wa, èdè Jàpáànì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ti fòfin de kíkó àwọn kan lára irú Kubota tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé láti 1997, ọ̀rọ̀ àmì ìkìlọ̀ tí kò sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára ohun tí wọ́n wò. Èmi kò ní kí ẹ má ra Kubota o. Ẹ̀rọ gidi ni. Ẹ ṣáà wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó fi eré kọ̀ọ̀kan hàn yín, kó sì fi ọ̀dà sàmì sí èyí tí ẹ óò máa lò.

Ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ ìgékoríko kò dé, mo padà lọ. Mo bá ẹ̀rọ náà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn katakata aláwọ̀ búlúù kan. Igun ọ̀tún tó tẹ̀ yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Bàbá kan láti Ìpẹru dúró tì í, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lápò wọn. Mo pe bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ fún wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Oníṣòwò náà na rìsíìtì mi sí mi lójú: wọ́n ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí mo ṣe rí i ni mo rà á, ẹ̀rọ ìgékoríko kò sì sí nínú rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ má pè wọ́n sílẹ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ dé láàárọ̀ kùtù, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí epo ẹ́ńjìnnì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ẹ máa lọ. Bó bá jí, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da epo ẹ́ńjìnnì sí, ẹ wò ó bóyá èéfín ń tú jáde níbẹ̀; bó bá ń tú, ẹ́ńjìnnì ti jẹ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgékoríko tí ẹ máa gbé lọ gan-an gé koríko fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú yín, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú rìsíìtì. Fún ẹ̀rọ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, katakata tó ní agbára ẹṣin 20 sí 25 ti tó. Táyà oko tó ní eyín gíga á hú koríko yín tu bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ bèèrè táyà pẹrẹsẹ. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má ra èyí tí kò ní irin ààbò lórí ìjókòó àti bẹ́líìtì, torí katakata máa ń dojú dé.

Ẹni tó bá ń lọ wo ọ̀kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, tí kò ní mẹkáníìkì tirẹ̀, kó kọ̀wé sí mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ráyè, Bàbá mẹkáníìkì ní àwọn náà á bá wa lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa gbéra.