Lẹ́tà ìfẹ́ tó wà lójú ọ̀nà El ní Philadelphia: ẹ má sùn kọjá ẹ̀ bíi tèmi o

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sùn kọjá nǹkan yìí. Ilé mi ò jìnnà sí ibùdókọ̀ 69th Street, ibi iṣẹ́ mi wà ní 34th, alẹ́ ni mo máa ń lọ, àárọ̀ ni mo máa ń bọ̀, tí mo bá ti fìdí kan àga nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní El yẹn báyìí, ó tán, oorun ti gbé mi lọ nìyẹn. Ìgbà tí àǹtí mi wá kí wa láti Ìbàdàn tí a jọ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n ṣàdédé fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, "Ìwọ, ta lèyí tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí lára ilé yìí?" Mo lajú, mo wo ìta. Háà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló kún ara ilé!

Love Letter lorúkọ ẹ̀. Àwòrán 50 ni, wọ́n yà wọ́n sára ògiri àwọn ilé tó wà létí Market Street ní West Philadelphia, láti bíi 45th títí dé 63rd. Orí afárá ni ojú irin gbà lọ ní apá ibẹ̀, ó ga tó òrùlé ilé, nítorí náà ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ ò lè rí èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, àwa tá a jókòó nínú ọkọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ayàwòrán kan, Steve Powers, ló ṣe é ní 2009, òun àtàwọn Mural Arts Philadelphia, ìyẹn àwọn tó ń ya àwòrán sára ògiri káàkiri ìlú. Ọmọ West Philadelphia ni Powers yìí fúnra ẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọdé ó wà lára àwọn tó máa ń yọ́ lọ fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ògiri onígiri, ESPO ló ń kọ, ó wá dàgbà tán ó padà wá pẹ̀lú àṣẹ lọ́wọ́, ó sì wá ń fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí àdúgbò kan náà. Àwọn Mural Arts gan-an, ibi tí ìjọba ti ń bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ní 1984, Wilson Goode, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe méyọ̀ ìlú yẹn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun ti graffiti, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń kọ sára ògiri onígiri bẹ́ẹ̀, wọ́n wá gba ayàwòrán kan, Jane Golden, pé kó bá àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́, obìnrin yẹn ò lé wọn kiri o, ògiri ńlá ló fún wọn pé ó yá ẹ yà á. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe káàkiri ìlú ti lé ní 4,000 báyìí.

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Òyìnbó ẹ̀ máa ń bára mu létí bí orin ni, Yorùbá mi ò lè gbé gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n gbìyànjú. Ọ̀kan ní kí olólùfẹ́ òun wá pàdé òun ní 52nd, bó tiẹ̀ ṣe sẹ́kọ́ńdù 50 péré. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ò tiẹ̀ ní ṣí tó bẹ́ẹ̀ ní 52nd! Òmíràn dà bíi líísì ọjà, mo ti ra bọ́tà, mo ti ra búrẹ́dì, mo ti ra mílíìkì, ìbànújẹ́ náà, mo ní in. Òmíràn ní òun ti lo káàdì fóònù, kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀ títí tí kírẹ́díìtì á fi tán. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó jókòó níwájú wẹ̀yìn, àǹtí mi wá ní, "Ìyẹn gan-an lọkọ, ẹni tó bá lè jẹ́ kí káàdì òun tán sórí ẹ." Èmi náà rántí ayé ìgbà tí a máa ń fi èékánná ha káàdì igba náírà, tá a ó máa gbàdúrà kí nọ́ńbà kan má lọ pa rẹ́.

Èyí tó mú mi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni èyí tó ní ká ní o wà níbí ni, ǹ bá ti délé. Ẹ gbọ́ mi yé o, àwọn tó ń ta ilé ní Amẹ́ríkà máa ń kọ ọ́ sétí títì pé ká ní ibí lò ń gbé ni, o ò bá ti délé. Powers kàn yí i po díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ilé di ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo ti kà á tán láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé kan tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí ìyàwó mi wà ní Nàìjíríà tí físà ò tíì jáde. Mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti rí àwòrán ara ògiri tó pọ̀ nílùú yìí, ojú èèyàn gbàgàdà, ẹyẹ, òdòdó, wọ́n dáa, mi ò ní wọn ò dáa, àmọ́ tí mo bá ti wò ó tán ó ti tán. Tibí yìí yàtọ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń kọ bọ́ọ̀dù ni, lẹ́tà gbàǹgbà, òjìji lẹ́yìn lẹ́tà, bíi ti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn mọ̀ ọ́n, ṣebí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá lọ, ìwọ náà ń sáré kà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, àwọn Mural Arts ní àwọn tó máa ń mú èèyàn kiri, àmọ́ owó ọkọ̀ nìkan làwa san, a dá a ṣe. Ẹ má lọ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ ń bọ̀ o, orí èèyàn lẹ máa wò. Ẹ wo apá kan tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wo apá kejì tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní 52nd, 56th àti 60th kẹ́ ẹ dúró wò ó dáadáa, torí àwọn kan wà tí ọkọ̀ máa gbé yín kọjá kẹ́ ẹ tó kà á tán. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní 46th tẹ́ ẹ dorí kọ àárín ìlú, ọkọ̀ á wọ abẹ́ ilẹ̀, ó parí nìyẹn. Àléébù ẹ̀ ni pé ọ̀dà àwọn kan ti ń ṣá, ẹ máa tẹjú mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó rí i kà. A yà jẹun lẹ́yìn ìgbà yẹn nílé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, àmàlà tó tutù bí ẹsẹ̀ òkú, ìyẹn ò kan àwòrán jàre.

Máàkì tèmi, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Àǹtí mi fún un ní mẹ́wàá, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń bi mí lórí fóònù ni pé ṣé bọ̀bọ́ yẹn padà fẹ́ ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílé, mo ti fẹ́ pe Uber, wọ́n ní rárá o, El làwọn máa wọ̀. Àpótí méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo gbé méjèèjì ní àtẹ̀gùn 30th Street.