Kámẹ́rà tí ò bẹ̀rù omi, iyọ̀ ńkọ́?

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń gbé kámẹ́rà fídíò kékeré yìí wọ òkun. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ó lè wọ omi dé mítà 10 kí nǹkan kan má ṣe é, òótọ́ sì ni, kò tíì mu omi rí. Àmọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo máa rà rèé o. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó.

Mo jáde nínú òkun lọ́jọ́ yẹn, ó ti rẹ̀ mí, mo wé kámẹ́rà mọ́ táwẹ́lì, mo jù ú sí báàgì, ó di ọjọ́ kejì kí n tó rántí ẹ̀. Ara ẹ̀ ti gbẹ, kò jọ pé nǹkan kan ṣe é, mo bá ṣí ilẹ̀kùn bátìrì, mo yọ mẹ́mórì, mo tì í padà. Mi ò mọ̀ pé iyọ̀ ti gbẹ sétí ilẹ̀kùn yẹn, wóró tíntìntín bíi ṣúgà, bí mo ṣe ṣí i ló já bọ́ sórí rọ́bà tó ń dí i. Nígbà tí mo tún gbé e wọ omi, ibi tí wóró iyọ̀ yẹn ti gbé rọ́bà sókè lomi gbà wọlé. Ẹ̀kán omi kan péré o! Lọ́jọ́ kẹta, irin tí bátìrì ń fara kàn ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, kámẹ́rà ò tàn mọ́. Mo gbé e padà fáwọn tó tà á, wọ́n ní wàrántì ò ka irú ẹ̀.

Wọ́n máa ń ní omi ò lọ́tàá, ti òkun lọ́tàá jàre, irin lọ̀tá ẹ̀. Lítà omi òkun kan, iyọ̀ inú ẹ̀ á tó gíráàmù 35, bẹ́ẹ̀ omi tí ò níyọ̀ ni wọ́n fi ń dán kámẹ́rà wò kí wọ́n tó kọ IPX8 sí i (àmì tó ń sọ pé ó lè rì sómi kí omi má wọlé). Nísinsìnyí mi ò ń jẹ́ kó gbẹ rárá. Bí mo bá ti ń jáde báyìí, inú ike omi ẹ̀rọ ló ń bọ́ sí, á wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20, mà á máa tẹ gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ lábẹ́ omi kí iyọ̀ tó há síbẹ̀ lè jáde. Kẹ́ ẹ kàn da omi lé e lórí ò tó o. Lẹ́yìn náà mà á nù ún, mà á gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ (ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun sún mọ́ ọn), ìgbà tó bá gbẹ pátápátá ni mo tó ń ṣí i. Ẹ wo rọ́bà yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó tì í padà, fọ́nrán irun kan tàbí iyanrìn kan ti tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Kámẹ́rà fúnra ẹ̀ dáa. Àwòrán ẹ̀ mọ́ gaara, àfi tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ jìn tó bíi mítà 5 ni pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, ohun gbogbo á di búlúù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, iṣẹ́ omi ni. Sikírínì ẹ̀ kì í gbọ́ ti ọwọ́ lábẹ́ omi, torí náà ẹ ti ṣe gbogbo sẹ́tín yín kẹ́ ẹ tó bẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni máìkì ẹ̀: tó bá ti rì sómi, ohùn èèyàn á máa dún bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu, títí omi á fi ro kúrò níbẹ̀. Sikúrù ọwọ́ tó bá a wá náà ti dógùn-ún.

Ó tún máa ń rì. Ẹ ra ọwọ́ tó ń léfòó fún un, kó jẹ́ àwọ̀ tó máa hàn lókèèrè. Tèmi aláwọ̀ ọsàn ni, ìgbì ti gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì lúwẹ̀ẹ́ lọ mú un.