Ẹ̀rọ tó ń yọ omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀

Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń fín ọ̀dà sára mọ́tò, ẹ̀rọ yìí tó gbangba-á sùn lọ́yẹ́. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá fún pọ̀ máa ń gbóná, ó sì máa ń gbé ọ̀rinrin dání. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá mú un tutù dé nǹkan bí 3°C, ọ̀rinrin náà á di omi, á sì gba ẹnu fáàfù ìsàlẹ̀ ṣàn jáde. Àwọn ihò wínníwínní tí omi máa ń dá sára ọ̀dà ti pòórá, inú mi sì dùn gidigidi sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé eruku ọyẹ́ tètè ń dí kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn apá tó ń tú ooru dà síta, bí a kò bá sì gbọ̀n ọ́n nù, afẹ́fẹ́ kì í tutù tó. Ilé iṣẹ́ tó bá nílò afẹ́fẹ́ tó gbẹ ju èyí lọ, irú àwọn tó ń ṣe oògùn, ni kó ra oríṣi tó ń fi èròjà fa omi mu, èyí tó lè mú afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ní di omi tàbí yìnyín àfi tó bá tutù dé nǹkan bí -40°C.