Àgbéyẹ̀wò Ibùdó Songhai ní Àjàṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Oko fún Ẹni tí Wọ́n Lé Kúrò Nílé

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àgbéyẹ̀wò yìí falẹ̀ ni. Nígbà tí a ti Songhai, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìlú Orílẹ̀-èdè Benin tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, padà dé, inú wa dùn jù láti ṣe ìdájọ́, mo sì pinnu pé kí òjò ọdún méjì rọ̀ sórí ohun tí a kọ́ kí n tó gbé kálámù. Òjò náà ti rọ̀ wàyí. Àwọn mẹ́fà tí mo sìn lọ, obìnrin mẹ́rin àti ọkùnrin méjì, jẹ́ àgbẹ̀ láti àwọn abúlé Àríwá Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì wà lára àwọn tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran lé kọjá ààlà sí Orílẹ̀-èdè Benin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Wọ́n ti padà sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì padà sí oko wọn. Ẹgbẹ́ ìjọ wa ló bá wọn tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ilẹ̀ tó ti ṣá, tí èkan ti gbà pátá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní Songhai, èwo ni ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé lè gbé dání lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ọmọ Nàìjíríà ni Fáda Godfrey Nzamujo tó dá ibùdó náà sílẹ̀ ní ọdún 1985. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni, nínú ẹgbẹ́ Dominican, ó ti kàwé, ó sì ti kọ́ni ní Amẹ́ríkà kí ìròyìn ìyàn tó mú ní Ethiópíà àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn tó sọ ọ́ di ẹni tó ń wá ọ̀nà àtipadà wálé. Ìjọba Benin fún un ní hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Ouando, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ tí kò sí àgbẹ̀ tó ń du ú, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí ìwé kò gbè ni wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀. Ó fi orúkọ ìjọba Songhai àtijọ́, èyí tó gbilẹ̀ létí Odò Ọya, sọ ibẹ̀. Mo ń rántí ìtàn yìí nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Irú ilẹ̀ tí Songhai fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ni irú èyí tí wọ́n máa ń nà sí ogúnléndé níbi gbogbo: èyí tí ẹlòmíràn ti lò tán. Lónìí ilẹ̀ náà ti lé ní 20 hẹ́kítà, àwọn ẹ̀ka mìíràn sì wà ní Savalou, Parakou àti Kinwedji. Ní ti Àjàṣẹ́ tí a lọ, ẹja ń bẹ nínú adágún, ọ̀yà, ehoro, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ ń bẹ nínú ilé wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn sì ń fún omi èso sínú ìgò.

Ìlànà kan ṣoṣo ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ohun tó jáde lára ọ̀kan ni oúnjẹ èkejì. Ìgbẹ́ ẹran wọ inú kòtò tí a dé pa, ó di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná; omi tó ṣẹ́kù nínú kòtò náà lọ sínú adágún ẹja tàbí sí ìdí ẹ̀fọ́. Koríko ojú omi tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà ní ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ti Èkó, tí àwa ń gégùn-ún fún, wọ́n ń fà á jáde láti fi ṣe gáàsì àti ajílẹ̀. Kò sí ohun tó jọ àwọn àgbàlagbà tí mo mú lọ lójú bí èyí, nítorí pé wọ́n ti mọ ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tó bá hù lórí ààtàn máa ń sanra ju ti oko lọ? Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí a ṣe ń mọ ààtàn bí ẹni mọ ilé.

Orí èyí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn Ẹ̀gùn, kò kọ ohunkóhun sórí pátákó. Ó to igi gbígbẹ sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, ó tẹ́ koríko gbígbẹ lé e, ó tẹ́ ewé tútù, ó tẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ó wọ́n eérú díẹ̀, ó wọ́n omi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí koríko gbígbẹ títí òkìtì náà fi ga tó ìgbáyà. Lẹ́yìn náà ó ti àdá gígùn kan bọ àárín rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí ìyá tó dàgbà jù nínú wa fa àdá náà yọ kí ó sì fi ọwọ́ kàn án. Ìyá náà fọwọ́ kàn án, ó já a sílẹ̀, ó ní, “Ó gbóná!” “Ẹ ṣé, Ìyá,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá a lóhùn, “ó ń jẹun nìyẹn. Bí àdá bá tutù, tí ó sì gbẹ, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ bu omi sí i. Bí ó bá tutù, tí ó sì ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ tú u kí ẹ tún un tò.” Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè gbé irú ìwọ̀n yẹn lọ sí ibikíbi tí àdá bá wà. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí òkìtì ajílẹ̀ wọn kan tí kò ní àdá nínú.

Ẹ̀kọ́ ìdin ló tẹ̀ lé e, òun sì ló kọ́kọ́ fẹ́ lé wa sá. Wọ́n máa ń da ìfun adìyẹ tí wọ́n pa, tàbí eèrí àti ìgbẹ́, sínú ọpọ́n tí kò jìn, wọ́n á jẹ́ kí eṣinṣin bà á, wọ́n á fi àpò tó lọ́rinrin bò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìdin ti kún un. Wọ́n á wá da gbogbo rẹ̀ sórí asẹ́ onírin nínú oòrùn. Nítorí pé ìdin kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò máa sá gba ojú asẹ́ bọ́ sínú igbá tó wà nísàlẹ̀, yóò sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lókè. Òun ni wọ́n fi ń bọ́ ẹja àrọ̀ àti adìyẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lè fọwọ́ kan ohun tó ń jẹ òkú, wọn kò sì fipá mú un. Òun náà ló wá ń ṣe é jù lónìí, nítorí pé ó ní adìyẹ mọ́kànlá, owó oúnjẹ ọ̀sìn sì ti kọjá agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kí ó gbé ọpọ́n náà jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn, kí ó má sì jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eṣinṣin tuntun ni yóò fi ta àdúgbò lọ́rẹ.

Ní ti ibùsùn àti oúnjẹ, ó mọ́, ó sì tó. A gba Ìdí-Ìrókò wọ Ìgólò dé Àjàṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní sọnù ní ìlú náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ibi tí ẹ̀kọ́ àti ìgbé ayé ogúnléndé kò ti bára mu ni mo ń bọ̀ wá bá yìí. Songhai ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ọdún púpọ̀ tún ilẹ̀ ṣe: ẹ bò ó, ẹ fún un ní igi, ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i ní ìhòòhò. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni, àwọn àgbẹ̀ Benin sì mọ̀ ọ́n kọjá ibùdó kan ṣoṣo. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Mono ti ń gbin irú wèrèpè kan tí kì í yún ni lára sáàárín àgbàdo láti fi bá èkan jà. Bí àgbàdo bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń gbìn ín. Nígbà tí wọ́n bá kórè tán, yóò gba gbogbo ilẹ̀, yóò ṣíji bo èkan títí yóò fi kú, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì máa fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ fún ilẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, òun náà á gbẹ, á wá di ibora tí a óò gbin àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ó gba òjò àrọ́kúrò mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó sì ń ra gàárì ní kọ́ńgò kọ́ńgò kò lè fi àsìkò kan tọrẹ bẹ́ẹ̀ yẹn láìsí ohun tí yóò máa jẹ.

Ó ṣòro ju ìyẹn lọ. Gbogbo ẹni tó bá mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń lọ nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé àlejò lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́ láyé, nítorí ẹni tó gbin ọ̀pẹ ti ń sọ pé òun kò lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ igi, tó dára gan-an, kò fi wúlò fún àwọn ènìyàn wa rárá. Ní ọdún kejì, nígbà tí wèrèpè tí ọ̀kan nínú wọn gbìn bẹ́ẹ̀ náà ti pa èkan, tí ilẹ̀ sì dúdú, tó rọ̀ bí ẹ̀bà, onílẹ̀ wá, ó wò ó, ó sì gba ìdajì rẹ̀ padà fún ọmọ rẹ̀. Àdéhùn ẹnu lásán ni a bá a ṣe. Àwa tí a kó wọn lọ sí Àjàṣẹ́ ni a jẹ̀bi èyí, kì í ṣe àwọn tó kọ́ wọn. Ó dùn mí títí di òní, nítorí ọkùnrin tó tún apá ilẹ̀ yẹn ṣe kò tíì padà ro ibi kankan láti ìgbà náà.

Ẹ̀kọ́ kékeré kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ran ogúnléndé lọ́wọ́ gbọ́. Ṣáájú kí a tó lọ, àjọ kan tí n kò ní dárúkọ ti pín irúgbìn fún wọn. Ìgbà tí àgbàdo ẹlòmíràn ti tó orúnkún ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nínú ihò mẹ́wàá sì ni mẹ́ta hù. Ní Songhai, wọ́n ní kí olúkúlùkù ka hóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, kí ó ká a, kí ó máa wọ́n omi sí i, kí ó sì wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Bí èyí tó là kò bá tó méje, ẹ dá a padà. Ìmọ̀ yẹn ti gbà wá lọ́wọ́ irúgbìn búburú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jẹ́ kí àwọn ìyá wọ̀nyí lè bá ẹni tó ń ta irúgbìn sọ̀rọ̀ láìtẹrí ba.

Nínú àwọn mẹ́fà, mẹ́rin ṣì ń lo ohun tí wọ́n kọ́. Àwọn ohun tó dúró ni òkìtì ajílẹ̀, ìdin, yíyẹ irúgbìn wò, àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn sínú àpò àti ọpọ́n tó ti bẹ́, nítorí pé bí onílẹ̀ bá dé, wọ́n lè gbé e rù. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń tà jù lọ́jọ́ ọjà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rán ogúnléndé lọ sí Songhai, mo ní kí ẹ rán wọn, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́. Kí ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ ṣáájú pé àwọn tó ń bọ̀ kò nílẹ̀, kí wọ́n lè fi àkókò púpọ̀ sórí ohun tó ṣeé gbé.

Àwa yóò tún lọ lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Ènìyàn mẹ́rin mìíràn ti fi orúkọ sílẹ̀. Kí a tó san owó ọkọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí, a ti kọ àdéhùn ilẹ̀ ọdún márùn-ún níwájú baálẹ̀, onílẹ̀ ti tẹ̀ka sí i, ọmọ rẹ̀ náà sì ti tẹ̀ka sí i.